Ilẹ̀ Tí Mo Pín Lórí Fóònù

Ganiat Àṣàkẹ́, ìyá Qaanitah,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le, ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé Qaanitah ti ṣíwọ́ amọ̀ jíjẹ? Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ yín ní Ẹnu Ọ̀wá níbẹ̀, omi ọ̀sà kò ní ya wọ yàrá yín. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí ìbejì, ìjì ti ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ìyá rẹ sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni.

Ojú ń tì mí láti kọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu dẹ́rẹ́bà tó ń bá wa gbé ẹrù, ẹnu mi ló dáa kó ti jáde.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo rí i o. Onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án, mẹ́ta lókè, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nísàlẹ̀, o kọ nọ́ńbà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ganiat, mo ti rí ìwé sọ́fè tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ wa fi ṣe títì, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé wá. Mo ní háà, ọmọ mi ti ra ilẹ̀. Àwọn èyí tí o kùn ní dúdú, mo ní àbàtà nìyẹn, àwọn tó ní òdòdó lára, mo ní ilẹ̀ ọlọ́ràá. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ìlà wẹ́wẹ́ kan tó ń lọ sókè sódò wúrúwúrú, mo ní ìjọba ló buwọ́ lù ú, torí kò sẹ́ni tó lè kà á. Ọfà kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní ọ̀nà tí a máa gbà débẹ̀ ló ń tọ́ka sí.

Lèmọ́mù nìkan ni mo sọ fún. Lèmọ́mù fi sínú àdúrà. Kí a tó ṣe àmín tán, gbogbo mọ́ṣáláṣí ti ń kí mi kú oríire, láńdílọ́ọ̀dù. Mo wá rò ó pé ènìyàn kan kì í dá jẹ pulọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án, o sì lawọ́ láti kékeré, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Mo fún mọ́ṣáláṣí, mo fún alágbẹ̀dẹ, mo fún Hàlímọ̀ onígàrí, mo ń fún àwọn ènìyàn bí ẹni ń pín sàárà.

Mo wá rántí Kàsímù. O mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi kò kí ara wa láti ìgbà ọ̀rọ̀ igi àgbọn tó wà ní ààlà ilé wa. Mo ránṣẹ́ pè é, mo ní kó gba pulọ́ọ̀tì igun, kí a pa ọ̀rọ̀ àgbọn tì. Ó tiro wá pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, lójú àwọn tí mo pín ilẹ̀ fún. Ó wo fóònù títí, ó ní ó ti tán nínú òun, níbo ni kí òun tẹ̀ka sí. Mo ní ibi tí ìjọba buwọ́ lù náà ni. Ó lá àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ni ohùn rẹ bá jáde.

O kò tiẹ̀ rọra sọ̀rọ̀. O ní Bàbá, ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán yìí han Màámi àti àwọn ìyá Àsálátù. O ní iṣẹ́ kíákíá ni, kò le rárá: kí wọ́n gé àjákù ańkárá ní onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án, kí wọ́n rán an ní mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n wá rán ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn tẹ́ ẹ nínú, kí àwọn arúgbó tí kò lẹ́nìkan lè máa fi bo itan nígbà ọyẹ́. O ní ẹ̀yin ti ń fi àjákù tí àwọn télọ̀ Apọ́ngbọ̀n ń dà nù rán an nínú àgbàlá yín. O ní ẹ ó rí ọ̀kan gbà láìpẹ́, àti pé ìró Ìyá Àgbà ni o fi sí àárín rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó bi mí bóyá ìṣó ni òun máa fi kan páànù ilé tòun ni àbí abẹ́rẹ́. Hàlímọ̀ ní òun ti ra sìmẹ́ńtì àpò kan, ṣé kí òun fi lẹ aṣọ ni. Kàsímù kò rẹ́rìn-ín. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tiro lọ. Èyí ló pa mí. Mo ti rí àbúrò mi gbà padà, mo tún fi ilẹ̀ tí kò sí lé e lọ. Láti ọjọ́ náà, èmi tí mò ń kírun lẹ́yìn Lèmọ́mù gan-an, ẹ̀gbẹ́ bàtà ni mo ti ń kírun.

Ìgbà náà ni dẹ́rẹ́bà gbé aṣọ rẹ dé. Mo tú u, bí ó ṣe rí lórí fóònù náà ló rí, aró ìró Ìyá Àgbà, ìyá èmi àti Kàsímù, sì wà láàárín. Ìyá rẹ wò ó, ó ní òun mọ arúgbó kan tí orúnkún ń dùn, tí kò sì lẹ́nìkan, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í kí i. Ni mo bá ká a sábẹ́ abíyá, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìtìjú pọ̀ débi pé igi àgbọn ni mo kọ́kọ́ kí. Mo wá tẹ́ ẹ lé Kàsímù lórúnkún.

Ó fọwọ́ pa aró náà. Ó wá fi àtàǹpàkò yẹn kan náà tẹ igun, ó ní tòun nìyí, òun kò sì ní tà á. Ó ní ti àárín, ìyá wa ló ni ín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí i. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fa etí aṣọ tó kù, ó ní kí n wá jókòó sórí ilẹ̀ tèmi. Àwa méjèèjì jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun.

Àwọn tí mo pín ilẹ̀ fún ṣì ń bèèrè. Jọ̀ọ́, fi àjákù aṣọ ránṣẹ́ tí yóò kárí wọn, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba o, kí ìjà ààlà má tún ṣẹlẹ̀. Fi owó òwú sí i, àti owó páànù kan. Dẹ́rẹ́bà ni kí o kó owó fún, má fi sí báńkì inú fóònù, torí Kàsímù ti ń wá tẹ fóònù mi lójoojúmọ́ kó lè gbọ́ ohùn rẹ, n kò fẹ́ kó tẹ owó kí iye rẹ̀ pariwo síta.

Ọlọ́run tó fi àjákù ṣe odidi yóò so ilé rẹ pọ̀, abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lọ́wọ́, ojú kò sì ní tì ọ́ bó ṣe ti bàbá rẹ.

Èmi ni,
Jíbrílù, ará ilé Kàsímù lórí pulọ́ọ̀tì igun.