Oògùn Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Iyùn

Ìlọrin, Sátidé, oṣù Kẹta, 1994

Láàárọ̀ yìí, mo rí àmì funfun wínníwínní lára àwọn ẹja ọkọ mi, bí ẹni wọ́n gààrí sí wọn lára. Kòkòrò ni. Mo fẹ́ da oògùn sínú àpótí gíláàsì wọn, ni ó bá ké láti orí ibùsùn pé, "Ìyá Kúdí, dúró! Á pa àwọn iyùn ààyè inú rẹ̀!"

Mi ò gbọ́ kí ó ké báyẹn látìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀.

Ó ní kí n kó ẹja sínú báàfù omi òkun, kí n lo oògùn náà níbẹ̀. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù sọ́dọ̀ iyùn, tí kò rí ẹja jẹ, á kú.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé e jókòó ti báàfù. Ẹja kan ti kú. Ó wo àwọn tó kù títí.

"Ṣé wàá tún gbé mi wá lọ́la?"

Mo ní, "Ìnṣáà Álláhù, Bàbá Kúdí."

Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ọ̀la lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.