Òpó Róòmù ní Sugar Land

Sátidé, oṣù Kẹwàá, 1984

Láti ìgbà tí Ọ́ńkù Dókítà, àbúrò bàbá mi, ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní Róòmù, ara àwòrán ilé tuntun tí mò ń yà fún wọn ní ìlú Sugar Land, lókè òkun níbí, kò yá mọ́.

Lónìí, wọ́n ní kí n fi òpó ńlá mẹ́fà síwájú rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé òkúta ni ti Róòmù, ó ń gbé òrùlé ró láti ayé àtijọ́. Fóòmù tí a kùn lọ́dà ni tiwa máa jẹ́.

Ọ́ńkù ní, “Ta ló máa wá fọwọ́ gbá a wò?”

Àyè kò sí fún òpó mẹ́fà àti gbogbo yàrá lórí ilẹ̀ náà. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ká kúkú yọ yàrá Màmá. Màmá ni ìyá ìyàwó wọn, tó ń bọ̀ wá bá wa gbé láti Ìjẹ̀bú-Òde.

Wọ́n ronú díẹ̀. “Poly tí o lọ yẹn kọ́ ọ dáadáa. Yọ ọ́.”

Mo ní àwàdà ni. Wọ́n ti dìde.

Àǹtí, ìyàwó wọn, wo pépà náà títí. “Bá mi bi àwọn ará Róòmù, níbo ni ìyá tiwọn ń sùn?”

Ilé ọkọ wọn ni mò ń gbé. Mo mú írésà, mo pa yàrá Màmá rẹ́. Fèrèsé rẹ̀ ni mo pa rẹ́ kẹ́yìn.