Kánmọ́kánmọ́ àti Ojú Ewé Làtífátù

Ọjọ́bọ̀, 3 Fẹ́búárì 2005

Kò tíì sí. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni Àgbà fi ṣí ojú ewé kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà yìí ni mo sọ ní Àgbà, torí ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán òun lójú. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni Aunty Lọ́yà, agbẹjọ́rò wa nílùú òyìnbó níbí, máa ń kọ ibi tí ọ̀rọ̀ físà tí Làtífátù ọmọ mi máa fi wá bá wa dé sórí ojú ewé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ká má máa fóònù, ká má dúró de lẹ́tà, ibẹ̀ ni ká máa wò. Mo wò ó. "No decision yet." Ìpinnu kò tíì sí.

Gbogbo ìṣẹ́jú yẹn ni Làtífátù fi ń pè láti Ìwó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Waya kan náà ni fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì jọ ń lò, bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á dúró síta. Nígbà tó rí wa bá sọ̀rọ̀, ó ní, "Mummy, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ tó tó báyìí?" Mo ní ìwọ náà ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Alhaja, ìyá ọkọ mi. Ó ti di mẹ́tàdínlógún. Ó ní Bísí ọ̀rẹ́ òun ti rí ọkùnrin kan tó ń mú èèyàn gba Kano lọ sí Líbíà, látibẹ̀ lọ sí Ítálì. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé láti kí Alhaja.

Ẹtì, 4 Fẹ́búárì

Mo sọ fún Olóyè. Abdulrasaq ọkọ mi nìyẹn — bó bá ti ti wéáhàòsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Mulhuddart dé, orí àga ló ti ń pàṣẹ. Ó ní bí waya bá ń dí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ náà bá ní nǹkan gidi láti sọ, kò ní rí wa. Òótọ́ ni, inú sì bí mi pé òótọ́ ni. Túnbọ̀sún, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fún un ní sídíì kan. Ètò tó ń mú íńtánẹ́ẹ̀tì sáré. Mo ti sọ ọ́ ní Kánmọ́kánmọ́ kó tó jáde nínú páálí.

Àìkú, 6 Fẹ́búárì

Ọ̀pá kan wà nínú Kánmọ́kánmọ́ tí èèyàn lè fà sọ́tùn-ún sósì. Lápá kan, àwòrán á mọ́, ojú ewé á falẹ̀. Lápá kejì, àwòrán á bàjẹ́, ojú ewé á yá. Mo fà á dé òpin. Munirat, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Corduff níbí ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, figbe ta: "Mammy, that yoke's after wrecking me cats!" Àwọn àwòrán ológbò rẹ̀ ló ní ó ti bà jẹ́. Mo ní ológbò kì í bínú.

Làtífátù fi fọ́tò ránṣẹ́ láti kaféè. Bí ẹni tó dúró lẹ́yìn wíńdò tí òjò ń lù ni ojú rẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fa ọ̀pá náà padà, mo tún un ṣí, mo dúró, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rù. Mo tún fa ọ̀pá náà lọ sí òpin — kí n má parọ́ fún ìwé — èyí tí mi ò rí dáadáa ni ọkàn mi gbà.

Ọjọ́rú, 9 Fẹ́búárì

Ó ṣì ń pẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mo fóònù àwọn tó ni Kánmọ́kánmọ́. Ọmọkùnrin kan ló gbé e, ará Cork, ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ọmọ dáadáa. Ó ní kí n ṣí ojú kan báyìí, àpótí kéékèèké méje ló wà níbẹ̀. Ó ń bi mí ní ìbéèrè, mo ń dáhùn, ó ń sọ èyí tí n ó fi àmì sí àti èyí tí n ó fi sílẹ̀.

Ó dé orí ìkẹta, ó bi mí pé ṣé mi ò fẹ́ kó máa tọ́jú àwọn ojú ewé àtijọ́ sọ́wọ́. Mo ní, "Yes." Kí ni mo fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣe? Tuntun ni mo ń wá. Ó ní, "Grand so," ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n fi àmì sí i. Mo fi sí i.

Mo ṣí ojú ewé wa láti fi dán an wò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo tún un ṣí, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dé! Mo pàtẹ́wọ́ lémi nìkan nínú ilé.

Ọjọ́bọ̀, 10 Fẹ́búárì

Kíá ló dé. Kò tíì sí. Ṣùgbọ́n kíá ló dé, waya ò dí rárá. Mo ṣàdúrà fún ọmọ Cork.

Àbámẹ́ta, 12 Fẹ́búárì

Làtífátù pè, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaja jókòó tì í, mo ń gbọ́ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ọmọ náà ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ń wọ ojú ewé náà, kí òun náà lè máa wò ó ní kaféè. Mo ní rárá. Aunty Lọ́yà ní ká má fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ṣé o ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú mi ni?" Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà.

Ó ní títí ìparí oṣù ni Bísí máa fi dúró. Kò sọ pé òun náà. Kò sì sọ pé kì í ṣe òun. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 17 Fẹ́búárì

Kò tíì sí. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo wò ó. Ó ń tètè dé, ohun tó ń mú bọ̀ ni kò yí padà.

Ajé, 21 Fẹ́búárì

Lẹ́tà kankan ò wọlé látọ̀dọ̀ rẹ̀ láti bí ọjọ́ méjìlá. Iná ni, kaféè ni, kí n má ro nǹkan mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 24 Fẹ́búárì

Kò tíì sí.

Mo pè é fúnra mi, mo sọ fún un. Ó ní, "Mummy, ẹ ò dá mi lóhùn." Mo ní ohùn wo, ṣebí à ń sọ̀rọ̀ yìí. Alhaja jókòó tì í níbẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa, mà." Ó dáa yẹn kò dára. Ilé àwọn arúgbó ní Finglas ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo fi omi gbígbóná jó ọwọ́ lónìí torí ó dáa yẹn. Olóyè ní mò ń bẹ̀rù òjìji. Òun náà kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ìṣẹ́gun, 1 Máàṣì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo tẹ̀lé Munirat lọ sí láíbúrárì ní Blanchardstown nítorí iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣófo. Mo ní kí n wo ojú ewé wa, bí ẹni ń họ ibi tó ń yún un. Ohun tó jáde kì í ṣe èyí tí mo ń rí nílé. "Granted. Please come in to sign." Wọ́n ti gbà á. Kí a wá buwọ́ lùwé. Lábẹ́ rẹ̀: 10 Fẹ́búárì.

Mo kọ́kọ́ rò pé ti láíbúrárì ló bàjẹ́. Ọlọ́hun gbọ́. Mo ní tiwa nílé ló tọ̀nà, tiwa ló yára! Mo wọ́ Munirat sínú bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ilé-ìwé dúró síbẹ̀. Nílé: kò tíì sí. Ṣùgbọ́n mo wo ìsàlẹ̀ lónìí, ibi tí mi ò wò rí. Lẹ́tà wínníwínní: 3 Fẹ́búárì. Ojú ewé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti ń kà láràárọ̀. Kánmọ́kánmọ́ kò lọ síbì kankan, ló ṣe ń tètè dé.

Munirat wo àwọn àpótí náà. "You ticked keep the old pages, Mammy." Mo ní irọ́ ni, ọmọ Cork bi mí pé ṣé mi ò fẹ́, mo ní yes. Ó wò mí. "Yes means you do." Mo ní yes, mi ò fẹ́! Bẹ́ẹ̀ni, mi ò fẹ́! Báwo ni èèyàn tún ṣe ń sọ ọ́? Ó ní, "No, Mammy. If you don't want it, you say no." Ó rọra sọ ọ́, bí olùkọ́ wọn. Ọdún márùn-ún ni mo ti wà nílùú yìí. Níwájú dókítà, níwájú àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, mélòó ni mo ti dáhùn bẹ́ẹ̀?

Ó yọ àmì náà kúrò. Mo ṣí àpótí lẹ́tà mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí òun náà ti ń fi ojú ewé àtijọ́ hàn mí. Lẹ́tà márùn-ún já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Làtífátù ló kọ gbogbo rẹ̀.

Èkíní: "Mummy, Alhaja máa ń jókòó tì mí tí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn níbí." Èkejì: ṣé ẹ rí lẹ́tà mi? Ẹ̀kẹta: ọkùnrin náà wá wò wá. Ẹ̀kẹrin kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ̀rù ń bà mí, mà." Ẹ̀karùn-ún: "Bí ẹ ò bá dá mi lóhùn títí Àbámẹ́ta, mo gbà pé kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Lọ́jọ́ Àìkú la ó gbéra. Ẹ má sọ fún Alhaja."

Ọjọ́ Àìkú ti kọjá.

Mo pe Ìwó. Alhaja ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó lọ gba físà l'Ékòó? Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo ṣàdúrà fún un." Mi ò mọ ohun tí mo wí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ hot press, kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń yá aṣọ sí, Munirat ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kazeem, àbúrò Olóyè — Ọkọ Kékeré ni mo ń pè é — ti wọ mọ́tò Kano ní ìrọ̀lẹ́ yìí láti lọ wá a.

Ọjọ́rú, 2 Máàṣì

Mo lọ buwọ́ lùwé. Aunty Lọ́yà ní òun ti ń pè mí, òun rò pé a ti yí ọkàn padà. Nọ́ḿbà tó ń pè, fóònù alágbèéká yẹn ti kú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ láti oṣù kìíní, mi ò fún un ní tuntun. Ó dì mọ́ mi. Ó ní inú ọmọ náà á ti dùn. Mo ní, "She's delighted." Mo kọ orúkọ mi síbi tó tọ́ka sí.

Ẹtì, 4 Máàṣì

Ọkọ Kékeré pè láti Kano. Ó rí ilé tí wọ́n kó wọn sí ní Sabon Gari. Wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Ẹnìkan ní Katsina ni wọ́n kó wọn lọ, ẹnìkan ní Daura ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì padà." Ó ní, "Ìyàwó wa, padà lọ síbo?" Olóyè kò lọ síbi iṣẹ́. Ó lọ kírun Jímọ̀, ó dé, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Bí mo bá di ojú, aṣálẹ̀ ni mò ń rí, mi ò sì tíì rí aṣálẹ̀ rí láyé mi.

Àbámẹ́ta, 5 Máàṣì

Agogo mọ́kànlá àárọ̀. Nọ́ḿbà gígùn tí mi ò mọ̀. "Mummy, ẹ má bínú sí mi."

Jíbíyà ni wọ́n wà, létí ààlà Niger. Mọ́tò á gbé wọn sọdá lẹ́yìn Àsárì. Ó ní kí n kàn ṣàdúrà fún òun. Mo figbe ta pé físà rẹ̀ ti jáde, wọ́n ti gbà á, kó padà. Ó ní, "Mummy, ẹ má parọ́ fún mi torí kí n lè padà."

Kò gbà mí gbọ́. Ṣé ó jẹ̀bi? Ẹnu mi yìí náà ló ti ń gbọ́ ọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé kò tíì sí.

Ilé wa kì í búra. Bàbá mi kò búra rí títí ó fi kú. Wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn mí lẹ́ẹ̀kan nílé-ìwé, mo gba ẹgba, mi ò búra. Làtífátù mọ̀, torí mo ti nà án nígbà tó kó ìbúra wọlé láti ìta. Mo ní, "Làtífátù, wàláhì. Wàláhì, wàláhì, ó ti jáde, èmi fúnra mi ni mo buwọ́ lùwé."

Mo gbọ́ atẹ́gùn. Mo gbọ́ ọ̀kadà tó kọjá. Lẹ́yìn náà ohùn kékeré kan, ohùn ọmọ ọdún méjìlá: "Mummy, ibo ni kí n dúró sí?"

Mo ní kó wọ mọ́ṣáláṣí, kó jókòó sí apá àwọn obìnrin, kó má bá ẹnikẹ́ni jáde àfi Bàbá Kékeré rẹ̀, Kazeem. Mo ní kó fa Bísí lọ́wọ́. Ó ní Bísí ò gbà. Mo pe Ọkọ Kékeré, mo ní kó forí lé Jíbíyà.

Àìkú, 6 Máàṣì

Ọkọ Kékeré pè lẹ́yìn Súbúhì. Ó ti rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá àgbà kan ló bá a, wọ́n fi aṣọ wọn bò ó.

Ó gbé fóònù sí i létí. Búrẹ́dì ló ń jẹ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́, ó ń gbé e mì láìjẹ ẹ́ kúnná. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Olóyè ní ó ti tó, kí n fi fóònù sílẹ̀ kí wọ́n lè gbéra. Mi ò fi í sílẹ̀.