Ọbẹ̀ Mi Nínú Abọ́ Màmá Tega

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ìrójú àárò ọmọ. Mo kí Bàámi lórí ìkúnlẹ̀, mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn. Òjò fẹ́ẹ̀ gbé Ajégúnlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a ṣì wà níbẹ̀. Inú ìwé ìròyìn Yorùbá tí ẹ máa ń kà ni mo kọ èyí sí, torí ọkọ mi kò mọ Yorùbá kà.

Ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru: kó dín iyọ̀ kù, kó máa jẹ ẹ̀fọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má pa dà sídìí ẹrù gbígbé ní Àpápá. Ẹ̀rù bà mí. Mo ro ẹ̀fọ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi: mo bọ ṣọkọ wàràwàrà, mo fi egúsí, ẹja àti edé sí i, mo jẹ́ kí irú ṣe iṣẹ́ iyọ̀. Ọkọ mi ṣa ẹja jẹ, ó ní ọmọ Ùròbò lòun, òun kì í ṣe ewúrẹ́. Àwọn ọmọ gbè é lẹ́yìn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí kò sí ẹni tèmi nítòsí tí mo lè fẹjọ́ sùn.

Lọ́jọ́ kan tí omi ò yọ, gbogbo abọ́ mi wà nílẹ̀ láìfọ̀. Mo yá abọ́ olódòdó Màmá Tega, ará ilé wa tóun náà jẹ́ Ùròbò, mo bu ẹ̀fọ́ mi sínú rẹ̀. Ọkọ mi rí abọ́ náà, ó rò pé Màmá Tega ló gbé ọbẹ̀ wá. Òun àtàwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́. Ó ní ẹni tó mọ ọbẹ̀ í sè nìyẹn, kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Màámi, ó dùn mí. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé, torí ẹ̀fọ́ ti wọnú. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Tega fún ọbẹ̀ tí kò sè. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n mú abọ́ tèmi wá, torí àwọn ọmọ òun náà kì í jẹ ẹ̀fọ́ òun. Láti ìgbà náà la ti ń pààrọ̀ abọ́. Mo sì ń jókòó tì í ní kíṣìnnì, mò ń ro ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò ara mi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ ní mò ń kọ́ṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ti wálẹ̀, ó lè pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà béèrè ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀. Ọkọ mi ní kí Ọlọ́run bù kún Màmá Tega. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ṣe àmín, ó sì dénú mi.

Ẹ má bínú pé ẹlòmíràn ló gba ìyìn ọwọ́ yín. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹ kò ní fi àìsàn jẹ ẹ́. Ẹ bá mi kí tilé tọ̀nà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀