Bàtà Yín Ló Ń Dún

Olówó orí mi,

Ẹ má tún wọ bàtà iṣẹ́ wẹ́dà yẹn wá owó fàdákà àtijọ́ mọ́ láyé yín! Láàárọ̀ yìí, tí ẹ ṣì ń hanrun, mo wọ sílípáàsì, mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wá a, èyí tó máa ń dún tó bá ti kan irin, lọ sẹ́yìnkùlé. Mo rìn títí, kò dún. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àfi bí mo ṣe gbé e kọjá lára bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, ló bá figbe ta! Irin tí wọ́n fi sí iwájú bàtà yẹn ni! Gbogbo ihò tí a gbẹ́, ẹsẹ̀ yín la ń wá kiri. Ẹ̀yin á máa pariwo, "Gbẹ́ ẹ, ìyàwó mi, ọlà dé!" Èmi á máa gbẹ́ bí òkété.

Ìyá onílé bi mí pé ta ló sọ ọgbà àwọn di ajere. Mo ní ẹ̀yin ni. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí mo padà sẹ́yìnkùlé, ẹ̀rọ náà dún lóòótọ́ níbì kan ṣoṣo tí n kò kọ́kọ́ dé: lábẹ́ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí a kó jọ látinú gbogbo ihò náà. Ẹ kó o kúrò kí n tó tibi iṣẹ́ dé. Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wọ sílípáàsì mi olódòdó, á gbà yín.

Ìyàwó yín tí ẹ̀yìn ń ro