Ẹja Abo Tí Ẹ Ní Kí N Dá Padà Sínú Ọya

Bàbá mi àtàtà,

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ṣẹ̀ yín, ní ọdún tí a padà sí Onitsha lẹ́yìn ogun. Ẹ ti múra mọ́sáláṣí. Ẹ ra ẹja pẹlẹbẹ onírù ẹlẹ́gùn-ún lọ́wọ́ Pápá Ngozi, apẹja ọ̀rẹ́ yín. Ẹ fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ẹ rí i pé ó lóyún, ẹ sì ní kí n gbé e padà sínú odò Ọya.

Bàbá, n kò gbé e débẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wà nílé, mo sì fẹ́ ṣe fáàrí. Mo la ẹja náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ jábọ́ láàyè sórí pákó, wọ́n ń ju ìyẹ́. A fi gbogbo wọn se ọbẹ̀ ata. Nígbà tí ẹ dé, mo purọ́ pé mo ti dá a padà. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ṣàdúrà fún mi. Ṣé òórùn ọbẹ̀ náà kò ta yín nímú ni?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ẹja yìí àti ìbátan rẹ̀, àkurákudà inú òkun, kì í tètè dàgbà, ọmọ díẹ̀ ni wọ́n sì ń bí. Owó epo ti dé báyìí. Ẹ́ńjìnì àti àwọ̀n náílọ́ọ̀nù ti kún odò, ẹja náà sì ti di àwátì. Iṣẹ́ ìjọba nídìí ẹja ni mo ń ṣe. Bí mo bá bẹ àwọn apẹja pé kí wọ́n dá abo tó lóyún sílẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tòní, Bàbá! Pápá Ngozi fa àwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀ yìí, irú ẹja yẹn ló gbé jáde! Mo tẹ ikùn rẹ̀ bí ẹ ti ṣe. Ohun kan ta sí mi lọ́wọ́ láti inú. Mo bẹ Pápá Ngozi pé kó jẹ́ kí n dá a padà sódò.

“Chai, ọmọ Alhaji! Ọbẹ̀ ata lo fẹ́ dà sódò yìí o! Àbí ìwé ti yí ẹ lórí?”

Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe ní Jímọ̀ ọjọ́ náà níwájú òun àti àwọn apẹja tó wà níbẹ̀. Pápá Ngozi ti ẹja náà sọ́dọ̀ mi.

“Ká ní Alhaji mọ̀ ni, ì bá nà ẹ́ dáadáa. Ó yá, di ìrù ẹ̀ mú, kó má gún ẹ.” Ó yíjú sí àwọn apẹja yòókù. “Ẹ̀yin náà, ẹ wo bó ṣe ń dì í mú, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá mú tiyín.”

Mo fi àpò ìdọ̀họ tútù wé ìrù náà bí ẹ ti máa ń ṣe, mo wọ odò dé orókún, mo sì la ọwọ́. Ó dúró díẹ̀, ó na ìyẹ́, ó lọ. N kò kúrò níbẹ̀ títí omi fi tòrò.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́,
ọmọ yín tí ẹ ṣàdúrà fún kí àdúrà náà tó tọ́ sí i.