Ààrò Tí Ẹ Mọ Mọ́ Ògiri

Bàbá mi tí mò ń bínú sí,

Ẹ má retí ìkíni gígùn lónìí lọ́run tí ẹ wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí yín, ti wó ààrò tí ẹ mọ mọ́ ògiri yàrá ìkókó. Ààrò yẹn kan náà! Iná kan ṣoṣo la ń dá, omi ìwẹ̀ á gbóná, ògiri á sì máa móoru bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń jà lóde.

Èéfín rẹ̀ ló ń ni í lára, torí àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ìjọba ń wá kí i. Òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ lẹ́yìn òmìnira ló ta àgbá irin funfun kan fún un, èyí tó ń se omi, tó sì ń fi ọ̀pá irin gbé ooru wọ yàrá. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Titirou. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà fọwọ́ sí i. Ó ń dán, ó wù mí. Àṣé omi ẹ̀rọ nìkan ló ń lò, kànga la sì ní! Ta ló ronú kan kànga nínú wa? Adìẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀ báyìí.

Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ, Bàbá. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Inú yàrá tútù yẹn ni Ìyá máa ti wẹ ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ààrò mọ, ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti di akọ̀wé, kò fẹ́ fọwọ́ kan amọ̀ mọ́. Ni mo bá gbé ikùn mi kúnlẹ̀, mo po amọ̀, mo fi ọjọ́ mẹ́ta mọ ọ́n. Mo dáná sí i láàárọ̀ yìí. Gbogbo èéfín ya wọ inú yàrá.

Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti kúrò lórí ẹ̀gbọ́n mi, tó yí sí ẹ̀yin. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri wò kí wọ́n tó gbé ìkókó wọlé. Ìgbà mélòó ni mo jókòó tì yín nídìí amọ̀, tí ẹ lé mi pa dà sídìí ọlọ nítorí pé mo jẹ́ obìnrin? Ta ló ń bímọ sínú yàrá náà, ẹ̀gbọ́n mi ni?

Mo máa wó o lọ́la, mo máa tún un mọ. Ẹ ṣẹ̀ mí, mo sì nífẹ̀ẹ́ yín. Ihò èéfín yẹn, Bàbá, òkè lẹ dá a sí ni, àbí ìsàlẹ̀?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.